Orúkọ Tí Mo Kọ Sábẹ́ Iṣẹ́ Ibi Mi

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀yin ọmọ ọ̀rẹ́ mi, kí ẹ jókòó. Dókítà ti sọ iye ọ̀sẹ̀ tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń pè mí ní Bàbá Kékeré. Ẹ wá gbọ́ irú ẹni tí ẹ ń pè bẹ́ẹ̀.

Èmi àti bàbá yín, tí gbogbo wa ń pè ní Afínjú, la jọ kọ kóòdù, ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tó ń ka báákóòdù, àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́ ara ọjà tó dúró fún nọ́ńbà. Ọ̀fẹ́ la fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú báákóòdù ni ẹlẹ́rìí àwọn tó ṣáájú. Bí ẹ̀rọ bá ṣi èyíkéyìí kà, ìṣirò kò ní bá ẹlẹ́rìí mu, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ gáàsì sínú sìlíńdà ń lò ó. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí pé ẹ̀rọ kì í gba àwọn bébà báákóòdù ara sìlíńdà tó ti dọ̀tí, iṣẹ́ ń dúró. Ó sú mi. Mo yọ àyẹ̀wò ẹlẹ́rìí náà kúrò nínú kóòdù, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n dúpẹ́ títí, èmi náà sì ń fẹ̀ bí ẹni tó ṣe bẹbẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rọ ka sìlíńdà kékeré sí ńlá, ó ń rọ gáàsì sí i títí ó fi bú gbàmù. Irin gé obìnrin méjì lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kan, kò ní orí mọ́. Mo rí fọ́tò rẹ̀, mo sì jẹun yó lọ́jọ́ náà. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá yín wọ ọ́fíìsì wa. Ó ní, "Ìwọ lo yọ ọ́. Ọ̀rẹ́, jẹ́ ká lọ sọ fún wọn. Màá bá ẹ lọ."

Mo ní, "Ta ló bi ẹ́ léèrè?"

Ó nawọ́ sí fóònù. Mo gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí tábìlì, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Jọ̀ọ́, àwọn ọmọ mi." Ẹ̀yin ló ń wí. Mo tún là á mọ́ ọn. Mo gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò lè gbọ́wọ́ sókè mọ́, mo sì tún là á.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nínú iṣẹ́ wa, gbogbo àtúnṣe tí èèyàn bá ṣe sí kóòdù ni orúkọ rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Bí bàbá yín ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ nílẹ̀, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìka mi ń lẹ̀ mọ́ bọ́tìnì nítorí ẹ̀jẹ̀. Mo pa orúkọ mi rẹ́, mo kọ tirẹ̀ sí i. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni mo tó pe áńbúláǹsì, mo ní àwọn kan ló wá gbẹ̀san ikú àwọn obìnrin náà. Gbogbo ayé gbà mí gbọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń pè yín lọ́mọ apààyàn, ẹ̀yin náà sì bínú sí bàbá yín débi pé ẹ kì í wọ yàrá rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀wé mọ́, àmọ́ ó mọ̀. Bí mo bá ti dé láti fún un lóúnjẹ, á wò mí, omijé á bọ́. Ìyá yín á wá máa gbàdúrà fún mi.

Lẹ́tà mi ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ lọ bá bàbá yín ní yàrá kejì, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ dárí jì yín.