Fóònù Tó Ń Dún Láràárọ̀

Kò sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó mi ní gbogbo Láfẹ́nwá, àfi àwọn tó ti fọwọ́ kàn án rí. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, mo wà lórí ìlà fọ́tòkọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nígbà tí obìnrin kan wọlé, tó dojú kọ bọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá. Ẹ ní sáìtì àwọn tó ń gba tíṣà ò ní fíìdì tó ń fi ìròyìn tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù, pé ẹ máa ṣe ọ̀kan fún mi láìkọ kóòdù kankan."

"Mo ṣe é, àǹtí. Mo lẹ línkì ẹ̀, mo tẹ apá tí á máa ṣọ́. Tí nǹkan bá ti yí padà níbẹ̀, fóònù yín á dún. Ṣé kò dún ni?"

"Ó ń dún láràárọ̀. Mọ́ńdè, ó ní òní ni Mọ́ńdè. Túsìdeè, ó ní òní ni Túsìdeè."

Bọ̀dá wo fóònù náà títí. "Òkè ni mo tẹ̀, ibi tí wọ́n ń kọ déètì sí. Ìsàlẹ̀ ni orúkọ àwọn tí wọ́n pè fún intafíù wà."

"Mo ní kó bá mi ṣọ́ iṣẹ́, ilẹ̀ tó ń mọ́ ló ń bá mi ṣọ́. Nígbà tó sú mi, mo pa ohùn ẹ̀. Orúkọ mi sì jáde. Àná ni wọ́n parí intafíù."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń mọ́ yẹn kan èmi náà. Kí ni èmi náà ń ṣọ́ láti ọdún mẹ́ta tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀?

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n tún un tẹ̀. Tí wọ́n bá tún ń gbà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ máa tètè gbọ́."

"Wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún. Mo máa pé e lóṣù tó ń bọ̀."