Káyè Kẹrin ti Ọmọ Blandine

Mi ò lè gbé e wọ inú ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti wú láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa iṣu titun, dókítà sì ti sọ fún Josiane ọmọ mi pé ohunkóhun tí mo bá ní mo fẹ́ jẹ ni kó máa fún mi. Mo mọ ohun tí dókítà máa ń rí kó tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹni. Nítorí náà, èmi Wúràọlá, tí gbogbo ará Kèrè ń pè ní Mémé Aláàkàrà, ìyẹn ìyá àgbà tó ń din àkàrà, mo jókòó láti kọ òtítọ́ sílẹ̀. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi kọ́ wa ní katikísìmù lọ. Bí mo bá kọ ìlà méjì, mo ní láti sinmi. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́, torí ẹni tó bá bá mi kọ ọ́ máa fẹ́ ṣàánú mi, á sì fo ibi tó burú jù.

Ẹ̀yin tí ẹ máa péjọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yìí ni mò ń kọ ọ́ sí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ orúkọ Sylvestre ọmọ-ọmọ mi sára ilé ìkàwé titun ní Dassa. Ọdọọdún lẹ máa ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé á máa ka ìwé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè lábẹ́ òkè. Òǹkọ̀wé ńlá lẹ ń pè é. Òǹkọ̀wé méjì ni wọ́n bí ní ọjọ́ náà. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ mọ̀, òun kọ́ ló sì kọ àwọn ìwé yẹn.

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ àwọn méjèèjì. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà débi pé omi tí a bá gbé kaná kì í pẹ́ tutù. Josiane bí tirẹ̀ ní àárọ̀. Kí oòrùn tó dé àtàrí, Blandine aládùúgbò wa, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ti bí tirẹ̀ náà. Fada ṣí kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níhìn-ín, ó rí i pé ọjọ́ Sylvestre mímọ́ ni, ó sì fún àwọn méjèèjì ní orúkọ kan náà. Ti Blandine tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ ológbò, la bá ń pè é ní Kékeré kí a lè mọ ìyàtọ̀. Kékeré ló ń jẹ́ títí ó fi kú. Àwọn méjèèjì a máa pe ara wọn ní "ẹnì kejì mi".

Kékeré ní àrùn egungun tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ. Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo oríkèé ara rẹ̀ á máa ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi òkúta lọ̀ ọ́. Kò lè roko, kò lè gun òkè. Orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa ló máa ń jókòó sí, á gbé káyè, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé, lé itan, á máa kọ ọ́ lọ. Èmi ni mo máa ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Á sì máa da ìbéèrè bò mí.

"Ìyá, nígbà tí bàbá kọ́kọ́ wá fẹ́ yín, bàtà wo ló wọ̀?"

Mo ní, "Ta ló ní bàtà nígbà yẹn? Ẹsẹ̀ lásán ló gbé wá, èmi ni mo bá a yọ ẹ̀gún."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé kejì tí ẹ ń kà. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Sylvestre tèmi lọ kàwé ní Kútọnu. Ẹnu rẹ̀ dùn. Òun náà ní òǹkọ̀wé lòun fẹ́ jẹ́, gbogbo Kèrè sì ti gbà á fún un kó tó kọ ohunkóhun. Josiane ti fi í yangàn lọ́jà, ó fi í yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi jókòó sínú yàrá kan níbẹ̀, kò rí ìwé kan kọ parí.

Lọ́dún tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, nígbà tí òjò kẹ́yìn, Kékeré gbọ́ pé mò ń lọ kí Sylvestre. Ó pè mí, ó gbé káyè mẹ́ta lé mi lọ́wọ́, ó ti fi àjákù ìró ìyá rẹ̀ dì wọ́n pọ̀. "Ìyá, ẹ bá mi gbé e fún ẹnì kejì mi. Ó mọ àwọn tó ń tẹ̀wé. Kí wọ́n kàn sọ fún mi bóyá ó dáa. Bí kò dáa, kí n mọ̀."

Ọjọ́ méjì ni Sylvestre fi kà wọ́n. Oúnjẹ tí mo sè tutù níwájú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó pa ìwé dé, ó ní, "Mémé, ta ló tún mọ̀ pé ẹ gbé èyí wá?"

"Èmi pẹ̀lú Kékeré nìkan."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá rẹ̀ ò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìẹ."

Ó wá ní, "Ẹ sọ fún un pé wọ́n ti kà á. Ẹ ní wọ́n ní kò dáa."

Mo bi í pé, "Ṣé kò dáa ni?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó dáa ju ohunkóhun tí èmi lè kọ láyé mi lọ."

Ẹ wò ó, kò purọ́ fún mi. Mi ò lè sọ pé ọmọdé ló tàn mí. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi bọ̀ wálé ni mo ti ń ro ó. Mo ro ojú Josiane bí ọmọ rẹ̀ bá padà wálé lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn náà ni mo ro ohun kan tí mi ò tíì sọ fún fada rí: mo ní Kékeré ò ní pẹ́ kú, kí ni òkú fẹ́ fi òkìkí ṣe? Èmi tí mo wẹ ẹgbin ọjọ́ ìbí kúrò lára rẹ̀ ni mo ro bẹ́ẹ̀.

Orí àpáta yẹn ló wà nígbà tí mo dé. Kò tilẹ̀ kí mi káàbọ̀. "Wọ́n ti kà á?"

"Wọ́n ti kà á."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò dáa."

"Gbogbo rẹ̀ náà ni? Ṣé kò sí ojú ewé kan tó dùn mọ́ wọn?"

Ibí yìí ni ǹ bá ti yí i padà. Ká ní mo sọ pé ojú ewé kan péré dùn, ìyẹn ì bá tó o gbé ayé. Mo ní, "Kò sí."

"Ẹnì kejì mi náà kà á?"

"Ó kà á."

"Òun náà ní kò dáa?"

"Òun náà."

Èyí ló wọ̀ ọ́ lára jù, mo rí i. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa káyè kan yọ tí mi ò rí rí, ìkẹrin. Èdè wa ló fi kọ èyí, kì í ṣe Faransé bíi ti àwọn yòókù. Ó ní, "Ti ìyá mi ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ lẹ́tà máa kà á sí i létí nígbà tí mi ò bá sí mọ́. Ṣùgbọ́n bí tọ̀hún bá burú tó báyìí, èyí ò wúlò. Ẹ máa fi di àkàrà, Ìyá. Ó kéré tán, ara rẹ̀ á gbóná." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún bá a rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, kò mú bírò mọ́. Nọ́ọ̀sì ti ní kó máa mu omi púpọ̀. Kò mu ún. Bí mo bá gbé òrí dé, á ní kí n fi ẹsẹ̀ òun sílẹ̀. Blandine wá bá mi nídìí ọlọ. "Ìyá, kí ló ṣe ọmọ yìí? Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́." Mo ní ọyẹ́ ni. Ọjọ́ ìbí wọn pé, Blandine se ẹ̀wà tó fẹ́ràn, kò tọ́ ọ wò. Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. A ò tíì sin ín tí Blandine fi bi mí pé, "Àwọn ìwé tó máa ń kọ dà? Mo fẹ́ tọ́jú ọ̀kan." Mo ní, "Ó ti jó wọn." Ó gbà mí gbọ́. Ta ni kò ní gba èmi gbọ́?

Abẹ́ ẹní mi ni káyè kẹrin wà. Mo kọ́kọ́ fi han Sylvestre, ó ní, "Èdè wa? Mémé, ta ló fẹ́ ka èyí?" Ó dá a padà fún mi. Mi ò lè fún Blandine, torí yóò gbé e fún ẹni tó mọ̀wé, ẹni náà á sì béèrè mẹ́ta yòókù. Mi ò sì lè jó o. Ó wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn èrò ìrìn-àjò mímọ́ ya wọ Dassa láti gbogbo ilẹ̀ wá kí Màríà ní ihò Àrígbó. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ìwé àwọn ọmọ tó ti parí kílàsì la máa ń rà kalẹ̀ láti fi di àkàrà. Lọ́jọ́ kejì, èrò pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ìwé mi tán. Mo ti mú káyè yẹn dání wá láti ilé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo mú un dání. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Mo fà á ya ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo di àkàrà fún àwọn ará Bohicon, mo dì fún àwọn ará Parakou. Nígbà tí èrò dín díẹ̀, ojú mi bọ́ sórí ewé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa lẹ́tà rẹ̀ pọ̀. Mo kà á dé ibi tí mo lè kà á dé: "Ní ọjọ́ tí ìyá mi". Mo gbọ́ ohùn lókè orí mi.

"Ìyá, ẹ dì í fún mi. Ebi ti fẹ́ẹ̀ gbé mi lulẹ̀."

Blandine ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ihò níbi tó ti lọ tan àbẹ́là fún ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti bu àkàrà lé ewé náà kí n tó rò ó. Blandine dúró níwájú mi, ó jẹ ẹ́. Ó ní, "Ti òní dùn. Ẹ ò fi iyọ̀ pa wá bíi ti èṣí." Ó fi ìwé náà nu epo lọ́wọ́, ó fi nu ẹnu, ó rún un, ó sì jù ú sábẹ́ ìkòkò mi kó lè bá mi dáná. Ó jó fòò. Mo wò ó títí ó fi di eérú. Mo sì di àwọn ewé yòókù tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ mọ ohun tó kù. Ìwé àkọ́kọ́ jáde lórúkọ Sylvestre tèmi, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ, èkejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Láti ìgbà náà kò sí òmíràn, ẹ sì ń sọ pé ẹni ńlá kì í kánjú. Blandine kì í pa ọjọ́ ìbí náà jẹ. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, bí wọ́n bá pe Sylvestre, á ṣe àmín, torí orúkọ ọmọ tirẹ̀ náà ni. Lọ́dún kan, wọ́n ka ibi tí obìnrin kan ti ń ri ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ sínú iyanrìn gbígbóná kó lè sùn. Blandine tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. "Ìyá, èmi ni mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Báwo ni Sylvestre ṣe mọ̀?" Mo ní, "Àwọn tó ń kọ̀wé, wọn kì í pàdánù nǹkan kan." Ó mi orí, ó tún pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo ránṣẹ́ pe Sylvestre, mo ní kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Mémé, mo ti jó àwọn káyè yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Kí lẹ fẹ́ kí n fi hàn wọ́n?" Ó bọ́ síta, ó sọ fún Josiane pé ọpọlọ mi ti ń lọ. Wọ́n ti sọ fún fada báyìí, wọ́n ti sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Diane, ìwọ ọmọ Sylvestre tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tìrẹ, bí ẹnìkan bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ọ láti wò, sọ ohun tó jẹ́ fún un. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí o sọ ọ́. Kò sí ọjọ́ mìíràn, mo ti wá a.

Mo sọ fún Blandine. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé àkàrà. Kò sunkún, kò bú mi. Ó ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Mo sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí mo kà. Ó ní, "Ní ọjọ́ tí ìyá mi kí ni?" Mo ní mi ò mọ̀, ibẹ̀ ni mo kà á dé. Ó dìde, ó lọ sílé.

Mi ò lè bẹ ẹ̀yin pé kí ẹ dárí jì mí. Blandine ló ni í, kò sì bá mi sọ ti ìdáríjì. Àràárọ̀ ló ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń bàjẹ́, á ní, "Ìyá, ẹ ti rántí?" Á jókòó títí oòrùn á fi kàn án lórí, á sì lọ. Lánàá, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo ní jẹ́ kí n fi nǹkan dídùn kan parí ìlà náà fún un, ohun tí ìyá máa fẹ́ gbọ́. Mo ní, "Ó jọ pé mo ti ń rántí." Ó yíjú sí mi, ó wò mí títí, ó sì gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

"Ìyá," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá ọmọ mi kọ ọ́."