Ojú Ìbọn Ló Wọ́, Wọ́n Ní Ọwọ́ Mi Ni

Ẹ má sọ fún mi pé kí n jókòó, Míṣtà Verlin, mi ò jókòó! Mi ò mu kọfí, ẹ gbé e kúrò níwájú mi kí n má baà dà á sí yín lára! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi sọ mí di ẹni tí ò lè yìnbọn mọ́ nílùú yìí, èmi Nadine Stallcup, tí mo ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kóòtù láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí mi ò kùnà ìdánwò ìbọn rí láyé mi, àfi Tọ́sìdeè tó kọjá yìí. Àfi lẹ́yìn tí mo gbé ìbọn mi wọ ṣọ́ọ̀bù yín!

Rárá, ẹ má pe Brantley. Ẹ jẹ́ kó dúró sídìí káńtà tó wà yẹn, kó máa gbọ́. Òun ló ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́, ẹ̀yin ni mo wá bá.

Kí ni mo ní kí ẹ ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn? Mo ní ojú mi ti ń dàgbà. Mo ní ìbọn kékeré tí mo ń fi sí ìbàdí lọ síbi iṣẹ́ yìí, àwọn irin orí ẹ̀ tí a fi ń wo ibi tí ọta máa bà, àwọn ojú ìbọn yẹn, mi ò rí wọn dáadáa mọ́. Àmì funfun mẹ́ta tó bá a wá, ṣe ni wọ́n ń para pọ̀ di ẹyọ kan bí mo bá ti wọ awò ojú. Mo ní ẹ bá mi fi ojú iwájú tó tóbi, tó pọ́n bí ọsàn sí i, kí ojú ẹ̀yìn dúdú lásán, kí àlàfo àárín ẹ̀ fẹ̀. Ó parí! Ṣé ìyẹn nira ni? Kí ni Brantley dá mi lóhùn? "Mọ́mì, aláwọ̀ ewé tó ń tàn yìí làwọn obìnrin fẹ́ràn." Mo ní ta ló bi ẹ́ léèrè ohun táwọn obìnrin fẹ́ràn? Ó gbé òmíràn kalẹ̀, mo kọ̀ ọ́. Ó gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo kọ̀ ọ́. Ìgbà tó rí i pé mi ò gbà, ló bá yọ ojú iwájú nínú páálí kan, ó yọ ojú ẹ̀yìn nínú páálí mìíràn, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní kò séwu, bákan náà ni wọ́n. Bákan náà! Mo sì gbà á gbọ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní purọ́, mo gbà á gbọ́.

Ó de ìbọn mọ́ fáìsì, irin tó ń di nǹkan mú gírígírí, ó ń fi hámà àti ọ̀pá idẹ gbá ojú ẹ̀yìn wọlé, kó, kó, kó, ó dé ibì kan, ó há. Ojú mi ló ṣe! Ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò lọ. Ó fi àtàǹpàkò nu orí ẹ̀, ó fojú kan wò ó, ó ní, "Ó ti dé àárín." Àárín ibo? Àárín ta ni?

Mo gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn, mo yìn ín. Ìsàlẹ̀ lápá òsì. Mo tún yìn ín. Ìsàlẹ̀ lápá òsì! Gbogbo ọta ń lọ síbì kan náà bíi pé ìyá wọn ló ń pè wọ́n níbẹ̀. Mo gbé páálí tí mo yìnbọn sí wá síbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn bàbá mẹ́rin tó ń mu kọfí ọ̀fẹ́ yín wà níkàlẹ̀, àwọn tí wọn ò ra ọta kan láti ọdún Kérésì. Brantley nàka sí àwòrán ara ògiri yẹn, èyí tí wọ́n là bíi kéèkì, tó ń sọ pé bí ọta bá bọ́ síbí, àléébù ọwọ́ ẹ nìyí, bó bá bọ́ sọ́hùn-ún, àléébù ọwọ́ ẹ nìyẹn. Ó kà á sókè fún gbogbo ilé. "Ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ẹ ń já ìbọn gbà bí ẹ bá ń fi ìka fà á yìn. Mọ́mì, kò sóhun tó ṣe ojú ìbọn o. Ọwọ́ yín ni." Àwọn bàbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mi orí. Ẹ̀yin náà mi orí, Míṣtà Verlin! Ẹ má wolẹ̀, ẹ wò mí! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, ó ń mu kọfí, ó ń mi orí.

Brantley ní kí n máa gbé ọrùn ọwọ́ sókè díẹ̀, kí n máa fi ìka ti ìbọn sápá ọ̀tún. Mo ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é. Alaalẹ́, ní kíṣìnì, ìbọn òfìfo, mo gbé kọ́ìnì lé orí ẹ̀, mo ń fà á, kí kọ́ìnì má jábọ́. Igba ìgbà lálẹ́ kan! Hollis ọkọ mi ń wò mí láti orí àga ẹ̀. Ó ní, "Nadine, kọ́ìnì yìí ò tíì jábọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, kí lo tún ń wá?" Mo ní dákẹ́, wọ́n ní ọwọ́ mi ni. Ọkùnrin tó ń ṣàìsàn, mo jágbe mọ́ ọn nítorí yín.

Ọta méjì ni mo fi kùnà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Méjì péré! Wọ́n fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, ọ̀la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí mo bá tún kùnà, wọ́n á gba báàjì, wọ́n á gba ìbọn, mo di ará ilé. Ṣé ẹ mọ ohun tó so mọ́ báàjì yẹn? Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so Hollis mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ìwé ìtọ́jú tí iṣẹ́ mi fún wa ló ń sanwó ẹ̀, òun ló ń ṣílẹ̀kùn yẹn fún un. Bíṣẹ́ bá lọ, ìwé lọ. Bíwèé bá lọ... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Àná ni mo wá rí i. Mo ti fi fóònù ya àwòrán ògiri yín yẹn kí n lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ mi. Mo fà á tóbi. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà tó kéré bí eèrà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn ni àwòrán yìí wà fún, kí ọlọ́wọ́ òsì yí i padà. Yéè! Míṣtà Verlin, ọwọ́ wo ni mo fi ń yìnbọn? Ìbàdí mi wo ni àpò ìbọn yìí wà? Òsì! Òsì ni láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi! Bí èmi bá ń já ìbọn gbà, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún lọta mi ì bá máa bọ́ sí. Ọkùnrin mẹ́fà dúró síbí, ìbọn ni gbogbo yín ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́nì kan tó wo ọwọ́ tí obìnrin yìí fi mú un. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò. Tèmi yàtọ̀ o. Ìsàlẹ̀ lẹ tẹjú mọ́, òkè ló wọ́!

Ẹ ò gbà? Ó dáa. Ẹ gbé e. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gbé e lé àpò iyanrìn nínú yàrá ìyìnbọn yín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ yin ọta márùn-ún. Mo ń tẹ̀lé yín bọ̀.

Ẹ fà á wá. Ẹ fa páálí yẹn wá, ẹ jẹ́ kí n rí i... Háà! Ìsàlẹ̀ lápá òsì! Márààrún! Ẹ kú ọwọ́ o! Ṣé kí n lọ wá kọ́ìnì wá fún yín?

Kò sóhun ẹ̀rín níbẹ̀, Brantley, pa ẹnu ẹ dé. Rárá, kò ní fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é. Ojú iwájú ga jù, àbí? Ó ga fún ti ẹ̀yìn, imú ìbọn wá ń tẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀. Ẹ wá èyí tó kúrú, nínú páálí kan náà lọ́tẹ̀ yìí. Ojú ẹ̀yìn náà ńkọ́? Ó ku bí ẹ̀yìn èékánná kó dé àárín. Ọ̀tún lẹ máa gbá a sí, ibi tí a bá fẹ́ kí ọta lọ la ń gbá a sí, kì í ṣe èmi ló yẹ kí n máa sọ ọ́ fún yín. Rọra. Ẹ rọra o.

Ó ti lọ? Ẹ tún yìn ín. Márùn-ún.

Àárín. Ọlọ́run mi o, àárín gan-an ni. Brantley, kí lo sọ? Mi ò gbọ́. Àwọn bàbá tó wà nídìí kọfí lọ́hùn-ún ò gbọ́. Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti gbọ́ báyìí, ojú ìbọn ni, kì í ṣe ọwọ́ mi. Ó ṣeun.

Ẹ gbé e fún mi. Ẹ kúrò níwájú, ẹ jẹ́ kí n yin tèmi kí n máa lọ sílé lọ sùn.

Kí nìyí?

Ẹ dákẹ́. Mo ní ẹ dákẹ́ ná, kí n tún un yìn.

Òkè lápá ọ̀tún. Ẹ wò ó. Ẹ wá wò ó, gbogbo yín. Òkè lápá ọ̀tún, márààrún! Mo ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè, mo ń fi ìka tì í, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń ṣe é mọ́! Ẹ wo ọwọ́ tí ò ṣàìsàn, ẹ fún un lóògùn títí àìsàn fi wọ̀ ọ́! Áà, Míṣtà Verlin, ẹ ti tún ìbọn ṣe. Ta ló fẹ́ tún ọwọ́ yìí ṣe?

Ẹ má fún mi ní kọfí! Brantley, lọ ti ilẹ̀kùn iwájú. Gbé páálí wá, kó ọta wá, má kà á. Kí ẹnì kan wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi níbí kó máa wo ọwọ́ òsì yìí, ọwọ́ òsì o, kó máa sọ fún mi bó bá ti fẹ́ gbéra. Aago méjì ọ̀sán ló lù. Ẹnikẹ́ni ò kúrò níbí títí tí mo máa fi gbàgbé ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi. Tí mo bá kùnà láàárọ̀ ọ̀la, èmi ò ní lọ sílé, Míṣtà Verlin. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún Hollis.