Àtàǹpàkò Tó Wà Lórí Ìwé Alùpùpù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé mi yìí rẹ́rìn-ín. Ìwé kẹrin ni mo kà kí bàbá mi tó kú, láti ìgbà náà ni n kò ti kọ ohun tó gùn ju orúkọ mi lọ. N kò lè dúró kí n máa sọ̀rọ̀ láti inú orí bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Ojú yín á pọ̀ jù fún mi, n ó gbàgbé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ìjọ ní òun lè bá mi kà á, mo ní rárá, ẹnu tó dákẹ́ náà ni kó kà á. Bí mo bá ṣì í kà, ẹ bá mi mú sùúrù.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ọkọ mi wà láàyè láàárọ̀ yìí. Òun ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Òun náà ló ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí n má ṣe yọ ibi tó kàn án kúrò. Halelúyà!

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Enugu kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ mọ̀ wá. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní rélùwéè. Nígbà tí nǹkan dàrú, a sá lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ogun parí, ibi iṣẹ́ ní kí ó padà. A dé, ilé wa àtijọ́ kò ní òrùlé mọ́. Bọ̀dá Láyí tó máa ń ra ẹrù àlòkù tà ló gbà wá sílé fún oṣù méjì, kí a tó rí yàrá ní Idaw River Layout. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń sọ èdè wa ní ìlú yìí nígbà náà tí kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ rí. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe wá lóore.

Ọmọ wa Tinú ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ibà kan ló mú un ní Ìbàdàn, tó sì gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù, ẹ̀yìn mi kì í sì í tètè nà bí mo bá padà dé. Ọkọ mi ń wá alùpùpù kiri nítorí èyí, ṣùgbọ́n alùpùpù ṣọ̀wọ́n. Èyí tó dára ti bá ogun lọ, èyí tó kù, férémù ló kù nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bọ̀dá Láyí gun ọ̀kan wá síwájú ilé wa, gbogbo àdúgbò sì jáde wò ó. Ó tóbi, àwọ̀ ewé ni, ó ní ìjókòó onírin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, ìjókòó náà sì ní táyà tirẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí.

“Bàbá Tinú, jáde wá wo ọkọ ìyàwó!” ni Bọ̀dá Láyí ń ké. “Kò sí irú ẹ̀ mọ́ ní gbogbo Enugu. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ló mú un wọ̀lú.”

“Ta ló wá mú un fún ọ?” Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín.

“Owó mi ni! Òyìnbó tà á fún tíṣà kan ní Abakpa Nike, tíṣà tà á fún mi. Gbé ọmọ yẹn wá ná.”

Ó gbé Tinú sínú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ náà, ó wà á yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ń pariwo pé, “Màmá, mo ń sáré! Mo ń sáré!” Mo ní láti wọlé lọ sunkún.

Ọkọ mi kì í ra nǹkan ní ìràkurà. Ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ ibi tí alùpùpù náà ti wá. Ó fi kẹrosíìnì nu ẹ́ńjìnnì, ó fi ẹfun ra ojú irin títí nọ́mbà tí wọ́n lù sí i fi hàn, ó ń pè é, èmi ń wò ó nínú ìwé alùpùpù náà. Kò sí èyí tó yàtọ̀. Ó yẹ férémù wò bóyá wọ́n ti fi fáìlì ha á, wọn kò ha á. Orúkọ òyìnbó wà nínú ìwé náà. Orúkọ tíṣà tẹ̀ lé e, Clement, olùkọ́. Ó ti fi gègé fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ gún bí èyí tí wọ́n ń kọ sójú pátákó fún ọmọ kíláàsì kìíní.

“Ó dára,” ni ọkọ mi wí. “Ìtàn ẹ̀ mọ́.” Wọ́n ṣe àdéhùn pé ó di Sátidé kí ó sanwó.

Bọ̀dá Láyí wá na ìwé kejì sí mi pé kí n bá wọn mú un dání, ìwé tí tíṣà fi ta alùpùpù náà fún un. Kò sí orúkọ tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ìyá mi kò mọ̀wé. Gbogbo ìwé tó bá kàn án, àtàǹpàkò ló máa ń tẹ̀ sí i, ojú a sì máa tì í, á lọ fọ ọwọ́ kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo wo àtàǹpàkò yẹn, mo tún wo lẹ́tà gígún tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Kí ló mú kí tíṣà tẹ̀ka?

Mo gbìyànjú, mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, bọ̀dá, kí ló dé tí tíṣà kò kọ orúkọ rẹ̀?” Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí n tún un sọ.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Háà! Ìyàwó wa mà ti di lọ́yà! Ọwọ́ ló ń dun ọkùnrin náà, ó fi aṣọ wé e.”

“Ṣé o gbọ́?” ni ọkọ mi wí. “Ọwọ́ ló ń dùn ún. Lọ gbé omi tútù wá fún àlejò.”

Mo gbé omi wá. Ní Ọjọ́rú, mo wá síbí fún àdúrà àwọn obìnrin, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Mo bẹ Ọlọ́run pé bí nǹkan bá wà níbẹ̀, kí ó fi han ọkọ mi lójú àlá, kí n má baà ní láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ohun tí mo tọrọ nìyẹn. Ọkọ mi sùn fọnfọn, kò lá àlá kankan. Ṣùgbọ́n èmi, láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kí n jókòó. Mo gbà pé ìdáhùn nìyẹn.

Mo fi Tinú sọ́dọ̀ aládùúgbò, mo wọ mọ́tò, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù dé Abakpa Nike. Mo béèrè ilé tíṣà Clement lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì mú mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú, tó ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. Èdè Igbo tí mo gbọ́ kò tó nǹkan, Píjìn la fi sọ̀rọ̀.

“Wetin you want from Teacher?”

Mo ní mo fẹ́ rí i ni.

Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Teacher don die, my sister.”

Ó ní lẹ́yìn tí ogun parí ni ọkọ òun gun alùpùpù rẹ̀ jáde láti lọ béèrè ìgbà tí wọn yóò ṣí ilé ìwé. Kò padà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i nínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, aago rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alùpùpù nìkan ni kò sí. Nígbà tí òun ń wẹ òkú rẹ̀, òun rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú. Òun fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, òun fi kànrìnkàn ha á, kò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín. Ó na àtàǹpàkò tirẹ̀ sí mi. “Till today I no know wetin he touch.”

Èmi mọ̀ ọ́n. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, n kò sì sọ. Ó bi mí pé kí ni mo ń wá ọkọ òun fún. Mo ní mo gbọ́ pé ó máa ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nílé, pé mo ní ọmọ kan tí kò lè rìn. Mo purọ́ fún opó. Ó sì bu ẹ̀gúsí díẹ̀ fún mi pé kí n fi se ọbẹ̀ fún ọmọ náà.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọkọ mi, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ní, “Èmi ni ǹ bá máa gùn ún káàkiri.” Ní Sátidé ó sọ fún Bọ̀dá Láyí pé ìtọ́jú ọmọ ti gba owó náà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá ọwọ́ Bọ̀dá Láyí wà nínú ikú yẹn, bóyá ó rà á lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é ni, títí di òní a kò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé èèyàn wa ni, a sì ti sùn nínú ilé rẹ̀. Ká ní àjèjì ni, à bá ti figbe ta. A pa ẹnu mọ́, èmi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní kọ̀rọ̀ pé ó ti gbà wá.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, alùpùpù yẹn wà lẹ́bàá ògiri ìjọ yìí. Bọ̀dá Sámúẹ̀lì tó ń ta búrẹ́dì ti rà á. Gbogbo yín rántí. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ gbàdúrà lé e lórí. Bọ̀dá Sámúẹ̀lì ń yọ̀, ó ń sọ pé, “Búrẹ́dì mi á máa gbóná dé Abakpa!” Nígbà tí mo gbọ́ Abakpa, mo dẹ́kun àtẹ́wọ́. Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo ìwé orin.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò tíṣà rí alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ Bọ̀dá Sámúẹ̀lì. Wọ́n lù ú títí ọlọ́pàá fi dé, ọlọ́pàá sì tì í mọ́lé pé òun ló pa tíṣà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bọ̀dá Láyí ti kúrò nílùú.

Ìyàwó Bọ̀dá Sámúẹ̀lì sáré wọ ilé wa, kò wọ bàtà. “Ìyá Tinú, ẹ gbà mí! Wọ́n ní Sámúẹ̀lì pààyàn! Sámúẹ̀lì tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń bá a pa adìẹ Kérésìmesì!” Ọkọ mi ní kí a gbàdúrà. A gbàdúrà. Nígbà tí ó lọ tán, mo ní, “Bàbá Tinú, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́.” Ó ní, “Wọn á bi wá pé nígbà tí a mọ̀, kí ló dé tí a dákẹ́. Èmi ni wọn á fi kún un.” Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù tó bà á ba èmi náà.

Ìyá Bọ́lá, ìyàwó Bọ̀dá Sámúẹ̀lì, ibi tí ẹ jókòó sí yẹn, mo kúnlẹ̀ fún yín níwájú ìjọ. À bá ti sọ ọ́ kí ọkọ yín tó sanwó.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlá ni Bọ̀dá Sámúẹ̀lì lò ní àtìmọ́lé kí ọlọ́pàá tó wádìí ọ̀rọ̀ náà tán, àti pé etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Ẹ mọ̀ pé wọ́n wá mú ọkọ mi náà fún ọjọ́ méjì, ó sì padà sílé. Ẹ ti ń bi ara yín pé ta ló lọ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dá Bọ̀dá Sámúẹ̀lì sílẹ̀, àwọn kan nínú yín ní áńgẹ́lì ni. Ògo ni fún Ọlọ́run tó yọ ọkùnrin méjì nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò ta sílẹ̀! Ẹ bá mi yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká yọ̀ jẹ́jẹ́, nítorí obìnrin kan wà ní Abakpa tí ọkọ tirẹ̀ kò padà.

Kì í ṣe áńgẹ́lì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n mú Bọ̀dá Sámúẹ̀lì, mo po ẹ̀kọ fún Tinú, mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tó ṣì ń sùn, mo sì lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kan bi mí pé kí ni mo fẹ́. Ó tún bi mí. Mo dìde, mo di etí tábìlì rẹ̀ mú, mo ní èmi ti rí alùpùpù náà kí Sámúẹ̀lì tó rí i, mo sì mọ ọwọ́ ẹni tó wà.