Ọ̀wọ̀ Ẹ̀gbọ́n

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Hazel Crest lókè òkun ni mo ti gbọ́ bí ọkùnrin àgbà kan ṣe ń bá àbúrò ibi iṣẹ́ rẹ̀ wí, nítorí database tí ilé ìwòsàn ń kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn sí, tó dákú lánàá.

"O mọ̀ pé code mi ń yá connection, ọ̀nà tí a fi ń wọ database, kì í dá a padà?"

"Mo mọ̀, sà. Mo kàn ń fi kún èyí tó wà nílẹ̀ ni, kó má baà tán."

"Ó ṣáà padà tán! Nọ́ọ̀sì ń tẹ orúkọ ìyá aláìsàn yẹn, timeout ló ń rí, àkọsílẹ̀ ò ṣí. Kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tó gún un ò bá a lára mu, ìyá sì kú. Kí ló dí ọ lẹ́nu?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mú mi wọ iṣẹ́. Ṣé kí n wá tú àṣírí yín níwájú àwọn òyìnbó ni? Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, sà."

Ọkùnrin náà kọjú sí fèrèsé.

"Ó dáa. Lọ sọ fún àwọn ọmọ ìyá yẹn pé èmi lò ń bọ̀wọ̀ fún."