Páìpù Tí Mo Yọ Lábẹ́ Bọ́ọ̀sì Àbẹ̀rẹ̀

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún máa pè mí ní ènìyàn rere. Kí èémí tó kù nínú mi tó tán, ẹ jẹ́ kí n sọ bí Rùkáyà, ọ̀kan nínú èrò ọkọ̀ mi, ṣe kú gan-an, nítorí irọ́ ni mo ti ń pa fún ọkọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Ọlọ́rundáre Akínladé ni mí. Iperindo ni mo ti ń kọ èyí, nínú yàrá tí bàbá mi fi sílẹ̀. Dókítà ní ẹ̀fín ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́. Ó tọ́ sí mi.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ìgbọ̀nà l'Óṣogbo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Àbẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, tí mo sì ń gbé wọn padà nírọ̀lẹ́. Èrò kan náà ni lójoojúmọ́, kálukú ló sì ní ìjókòó tirẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jù ló ń jókòó níwájú. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn, ẹ̀yìn pátápátá ni tirẹ̀. Àwa awakọ̀ wá ní ìwà òmùgọ̀ kan. A máa ń yọ sáílẹ́ńsà, ìyẹn páìpù tó ń kó ẹ̀fín lọ sẹ́yìn ọkọ̀ tó sì ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, kí bọ́ọ̀sì lè máa bú ramúramù. Bí tèmi bá ti bú, àwọn èrò mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà nílé. "Bàbá Dáre ti ń bọ̀ o." Ìyàwó mi ti kó lọ sí Ẹ̀sà-Òkè nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi nílé. Ariwo yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ń retí mi.

Akeem, mẹkáníìkì mi, kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká so páìpù yìí padà. Ilẹ̀ ọkọ̀ yín ti dípẹtà, ó ti lu lẹ́yìn. Inú ọkọ̀ ni ẹ̀fín á máa wọ̀."

Mo ní, "Bí a bá so ó, ta ni yóò mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀?" Mo ra rọ́ọ̀gì, mo tẹ́ ẹ lé ihò náà.

Orí rọ́ọ̀gì yẹn ni ẹsẹ̀ Rùkáyà bọ́ sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni, nítorí náà ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Ó ní ikọ́ fée, èyí tó máa ń sé èémí, láti kékeré. Kò pé oṣù kan tó fi wá bá mi. "Bàbá, ẹ̀fín ń wọlé lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Igbó ni wọ́n ń sun, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ará iwájú, kí ẹnì kan gba ààyè mi fún ọ̀sẹ̀ kan péré."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò bẹ ẹnì kankan, nítorí bí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á béèrè ìdí. Ó wá ń fi ìbòmú bo imú. Àwọn èrò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kòrónà ti lọ, òun nìkan ni kò tíì gbọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi àgbàlagbà tí mo mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe ní Ògo-Olúwa, a dúró sójú kan. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn: "Bàbá, ẹ pa á. Mi ò lè mí." Mo rí i nínú dígí. Bátìrì mi ti kú. Bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀ tì wá lójú títì, ojú á tì mí. Mo ní kó ṣe sùúrù. Nítorí ìtìjú títi ọkọ̀ ni mo ṣe jẹ́ kó ṣubú. Ìgbà yẹn ni mo wá gbé e sáré bí akọni lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kí Mikail, ọkọ rẹ̀, tó dé ilé ìwòsàn, mo ti fa rọ́ọ̀gì náà sọnù. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Akeem fi páànù dí ihò náà, ó so páìpù padà, mo bẹ̀ ẹ́ kó pa ẹnu mọ́. Mo sọ fún Mikail pé ikọ́ ti ń ṣe ìyàwó rẹ̀ kó tó wọkọ̀, àti pé obìnrin náà kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sáré gbé e."

Ẹ̀yin awakọ̀ ọ̀dọ́, ẹ lọ wo abẹ́ ọkọ̀ yín lónìí. Bí èrò bá ní òun ò lè mí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà, kí ojú tì yín.

Lọ́dọọdún, bí Mikail bá ń ṣe àdúà ìrántí ìyàwó rẹ̀, ó máa ń pè mí lórí fóònù, á gbé e sẹ́nu àáfáà kí wọ́n ṣàdúà fún èmi náà. Mo sì máa ń ṣe àmín. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ti ọdún yìí. Mikail, ìwé yìí yóò ti dé ọwọ́ rẹ ṣáájú. Bí o bá lè dárí jì mí, mo tọrọ rẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe é, o kò jẹ̀bi. Ìwọ nìkan lo ṣì ń pè mí láyé yìí. Ṣùgbọ́n kàkà kí n tún ṣe àmín kan sí i, kí fóònù mi dákẹ́.