Wọ́n Ní Àbúrò Mi Ń Parọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ó gbọ́ tiwa. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò ní fi pamọ́ níwájú pẹpẹ.

Ẹ mọ Rosalí, àbúrò mi. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní Sanson, ẹ̀gbọ́n ọkọ ní òun ló máa ṣú u lópó. Rosalí ní rárá. Ọkùnrin náà lù ú, ó tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní bí kò bá gbà, òun á pa á. Rosalí sá jáde. Ó sá dé Yúróòpù, ó ní kí wọ́n dáàbò bo òun.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó wá ààbò kọ nígbà tí wọ́n kọ̀ ọ́! Wọ́n ní lákọ̀ọ́kọ́ ó ní fèrèsé lòun gbà jáde, lẹ́ẹ̀kejì ó ní ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kò sunkún. Wọ́n ní lẹ́tà tí mo kọ láti jẹ́rìí rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ha! Bí kì í bá ṣe ẹbí, ta ló máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé? Fèrèsé onípákó ni! Ilẹ̀kùn fèrèsé la ń pè é. Ògbufọ̀ wọn ò gbọ́ èdè Ṣábẹ̀ ẹnu wa, ó kàn pè é ní ilẹ̀kùn.

Rosalí pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àvóká tó ń bá a rojọ́ ní ká wá fọ́tò fèrèsé náà. Mo gbààwẹ̀, mo gun alùpùpù zémíjàn lọ sí Sanson. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni mo bá nílé. Mo ní fọ́tò fèrèsé ni mo wá yà, mo rò pé yóò pariwo lé mi lórí.

Ó ní, “Wá yà á, ọmọ mi. Ibẹ̀ ló gbà jáde. Èmi ni mo ṣí i fún un.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ ò bẹ̀rù ọmọ yín?”

“Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Yà á kíá, kó tó ti oko dé.”

Ó tẹ ìka sí ìwé tí mo kọ ẹ̀rí rẹ̀ sí. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ló wà báyìí, ibi tí ọwọ́ ọkùnrin náà ò lè tó o.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ògbufọ̀ tuntun gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Rosalí. Adájọ́ bi í pé kí ló dé tí kò sunkún. Ó ní, “Mo ti sun ún tán kí ẹ tó pè mí.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé ìdájọ́ jáde. Wọ́n gbà á gbọ́! Halelúyà!

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi pè é ní òpùrọ́! Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní “pardon”, kó bẹ̀ wá. Tonton Pásítọ̀ ní kí n dárí jì wọ́n. Mà á gbìyànjú. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ dìde. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ẹni tó bá lè jó, kó jó. Ẹni tínú ń bí bíi tèmi, kó bá mi pariwo!